Ṣé olórin lè sọ ìsọkúsọ lórí ìtàgé? Ìdáhùn fún olórí ẹgbẹ́ fújì kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ẹgbẹ́ fújì kékeré kan ní Òṣogbo, àwa mẹ́sàn-án ni. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí lórí ìtàgé, àwọn ọ̀dọ́ á pariwo, wọ́n á sì máa náwó. Ṣùgbọ́n níbi ìsìnkú kan láìpẹ́ yìí, bàbá kan dìde, ó ní kí wọ́n pa máìkì mi, pé èébú ni mo ń bú àwọn àlejò. Ṣé ó burú kí olórin máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú agbo ni? Ṣebí àwọn ọ̀gá wa náà ṣe é kí wọ́n tó di ọ̀gá?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kan náà lè pa gbogbo agbo lẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, kó sì tú ìsìnkú ká lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. A kò bí àṣẹ ìsọkúsọ mọ́ olórin. Wọ́n máa ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún un ni. Ibi tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda, kó lò ó. Ibi tí wọn ò bá ti yọ̀ǹda, kó pa ẹnu mọ́, ìbáà ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ ni láti mọ ìyàtọ̀ kí ìlù tó dún, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ sì mọ̀ ọ́n, títí kan onígángan. Mo máa padà sórí onígángan, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórin kì í wò.

Mo mọ̀ pé o máa fa òwe yọ pé ọba kì í pa òkorin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wo àwọn ibi tí Yorùbá ti gba irú àyè bẹ́ẹ̀, kí o rí i bí wọ́n ṣe mọ odi yí i ká. Ní Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, àti lọ́dọ̀ àwọn ará Ìmẹ̀kọ, òru Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣíwájú ijó ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Gbangba ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é. Arabi, ọ̀kan nínú àwọn abòjú tó ń ṣeré náà, á kọ́kọ́ jáde wá gbálẹ̀, abòjú kejì, Tètèdé, á pe Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru náà, síta. Kí Ẹ̀fẹ̀ tó tàbùkù ẹnikẹ́ni, á júbà àwọn òrìṣà, á júbà àwọn baba ńlá, á júbà àwọn ìyá wa, á júbà àgbà ìlú. Ìgbà yẹn ló tó máa fi orin tú àṣírí olè, alágbèrè, àti ìjòyè tó jẹ owó ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kàn án. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àyè náà ti parí nìyẹn. Nǹkan iyì ni ìlú kà á sí. Àjọ UNESCO náà kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àṣà àgbà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ìbàdàn ńkọ́? Lọ́jọ́ Òkèbàdàn, nínú oṣù Kẹta, tọmọdé tàgbà á máa kọrin tó dárúkọ ohun abẹ́ aṣọ tọkùnrin tobìnrin láìbò ó rárá. Àṣà ni, kò sí ẹni tó ń bínú. Wá dán orin yẹn wò ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ kejì, kí o rí ohun tí ojú rẹ máa rí.

Fẹlá náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí orúkọ rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ olórin máa ń kọ́kọ́ pè. Ọjọ́ Ẹtì ni yabis, ìyẹn ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ àti èébú, ní Shrine, ilé orin rẹ̀ ní Èkó. Àwọn tó wá síbẹ̀ sanwó wọlé, wọ́n mọ ohun tí wọ́n wá gbọ́, ìjọba ló sì sábà máa ń bú, àwọn tó lágbára jù ú lọ. Òun náà san owó tirẹ̀: àwọn sójà wọ ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, wọ́n sì dáná sun ún. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bíi Fẹlá, kó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìyá arúgbó tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín ní tábìlì iwájú ni ìjọba tó fẹ́ bú.

Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, àsìkò mọ, ilẹ̀ mọ, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló sì mọ ohun tó máa gbọ́ kó tó kúrò nílé. Ìsìnkú tí o lọ kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn àlejò yẹn wá sin bàbá ọ̀rẹ́ wọn ni.

Ohun tí o pè ní ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, ẹ̀yà mẹ́ta ló kó pọ̀ mọ́ra, ìjàǹbá wọn kò sì dọ́gba. Àlùfàǹṣá wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ àti ti abẹ́ aṣọ. Èyí ló ń mú àgbà bojú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn á máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòjú náà. Èébú wà, tó ń tàbùkù ẹni kan pàtó. Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀, torí ẹni tí o bú ní ẹbí, ó ní ọ̀rẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló san owó àga àti tábìlì. Èpè ni ẹ̀kẹta, kò sì sí ibi tó ti bá orin ìnáwó mu. Ẹni tó bá gbọ́ “kò ní dáa fún ọ” láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá mẹ́rin kò ní gbàgbé rẹ̀. Bí àìsàn bá kọlù ú lọ́dún yẹn, ìwọ ni wọ́n máa rántí.

Àlùfàǹṣá nìkan ló ní ọgbọ́n tí a lè fi kọ́ ọ. Àwọn àgbà olórin máa ń daṣọ bo ọ̀rọ̀. Wọ́n á mú nǹkan ilé kan, odó àti ọmọ odó ká ní, wọ́n á sì máa gún iyán láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Bí iṣu ṣe rọ̀, bí odó ṣe jìn, bí òógùn ṣe ń já, bí aládùúgbò ṣe ń gbọ́ ìró. Àgbà á gbọ́ èyí tó gbọ́, ọmọdé á gbọ́ iyán. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá bi ìyá rẹ̀ pé, “Màámi, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?”, tí ìyá náà sì lè dáhùn láìpurọ́ pé ọ̀rọ̀ iyán ni, orin rẹ yege.

Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń bà á jẹ́ ni ìlà kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Wọ́n á gún iyán dé ibì kan, ẹ̀rù á bà wọ́n pé agbo kò tíì gbọ́ ọ, wọ́n á wá dárúkọ nǹkan náà gan-an. Aṣọ ti já nìyẹn, ẹ̀rín náà sì ti kú, torí ohun tó ń pa àgbà lẹ́rìn-ín ni pé òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Má túmọ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ. Bí o bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jáde, dá a dúró sẹ́nu, jẹ́ kí ìlù gba ibẹ̀, kí agbo parí rẹ̀ fúnra wọn. Kìlọ̀ fún àwọn elégbè pẹ̀lú. Olórí á bo ọ̀rọ̀ tán, elégbè kan lẹ́yìn á figbe bọ̀ ọ́, á sọ ọ́ síta ní kedere, máìkì elégbè á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí aṣọ kankan kò lè bò. Má pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ àlè, kódà kó jẹ́ eré. Ọ̀rọ̀ ogún ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá tó kú lè ti fi ilé méjì sílẹ̀ tí àwọn ìyàwó ń jà lé lórí, ìwọ á wá ki iná bọ epo. Má pe obìnrin ní àjẹ́. Wọ́n ti pa àgbàlagbà obìnrin nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Má fi àìrọ́mọbí kọrin. Má fi arọ, afọ́jú tàbí abuké ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ẹlòmíràn, fi í sílẹ̀. Níbi ìsìnkú, fi òkú àti àwọn orogún kún un.

O ní àwọn ọ̀gá rẹ ṣe é. Ọ̀kan tàbí méjì ṣe é lóòótọ́. Abass Akande, ìyẹn Obesere, fi àsákàsá gba orúkọ ńlá ní àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe Obesere mọ ohun tó ń pè, ó ti gbọ́ ọ nínú kásẹ́ẹ̀tì kó tó pè é. Ẹni tó pè ọ́ wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀ rò pé oríkì lo fẹ́ ki. Tún rántí ibi tí fújì ti wá: orin wéré ni, èyí tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí láti jẹ sààrì nínú oṣù Ramadan, kí Sikiru Ayinde Barrister tó sọ ọ́ lórúkọ tuntun. Títí dòní, ọ̀pọ̀ olórin fújì ṣì ń fi orúkọ Ọlọ́run ṣí orin. Kí ènìyàn wí Bísímílà tán, kó sì kan abẹ́ obìnrin láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, etí àgbà kì í gbà á. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Nǹkan kan tún ti yí padà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa àtijọ́ kì í kà. Láyé àríyá òru, tí wọ́n ń ta tapólì sójú títì, àwọn ọmọdé á ti sùn kí aago mẹ́wàá tó lù. Láti agogo méjìlá òru títí di ìgbà tí àkùkọ máa kọ, àgbàlagbà nìkan ló kù, olórin sì lè tú sókòtò orin rẹ̀ díẹ̀. Lónìí, ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ òde. Gbọ̀ngàn á ní kí ẹ kúrò ní aago mẹ́fà tàbí méje ìrọ̀lẹ́. Bàbá ọlọ́dún 80 wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin ń sáré kiri iwájú ìtàgé, pásítọ̀ tó gbàdúrà kò tíì jẹun tán. Òru tí àlùfàǹṣá máa ń gbé kò sí nínú irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ mọ́. Fi í pamọ́ fún òde tó bá jẹ́ òru lóòótọ́, tàbí fún ilé fàájì tí àwọn èèyàn ti sanwó wọlé, tí orúkọ rẹ sì wà lára pátákó níta.

Ẹ tún máa ń sọ pé àwọn alága ìdúró àti alága ìjókòó ń sọ ọ̀rọ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi ìdána, pé àwọn obìnrin ilé ń kọrin sí ìyàwó tuntun. Wọ́n ń ṣe é. Ara ilé ni obìnrin ilé, ìyàwó tó ń kọrin sí máa di ojúgbà rẹ̀ lọ́la. Alága ìjókòó sì ti bá ẹbí jókòó ṣáájú. Àlejò tí wọ́n sanwó fún ni ìwọ.

Níbo gan-an ni ìsọkúsọ ti ń wọ orin? Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí orin ti tán ni. Ẹgbẹ́ kékeré á ní orin ìṣẹ́jú 45 tó dán mọ́rán, wọ́n á sì gba iṣẹ́ wákàtí márùn-ún. Bí wọ́n bá ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tó máa sọ, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Oríkì ni oògùn rẹ̀. Kọ́ oríkì orílẹ̀ mẹ́wàá ó kéré tán, kí o ní ẹsẹ̀ tó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Oníkòyí, Ìyèrú Òkín ti Ọ̀fà, Òpómúléró, Olúfẹ̀, àti àwọn tó wà ní àyíká rẹ níbẹ̀ ní Òṣogbo. Béèrè orílẹ̀ onínàáwó àti ti aya rẹ̀ kí o tó gun ìtàgé. Ẹni tó ní oríkì nínú kì í ní àyè fún ìdọ̀tí.

Owó ni orísun kejì. Olórin á ki ẹnì kan fún ìṣẹ́jú méje, ọwọ́ onítọ̀hún kò ní kúrò lápò, oríkì á wá di òwe, òwe á di èébú. Fi gbèdéke lé e: ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kan, kó náwó, kó má náwó, tẹ̀ síwájú. Má tún yára pe èèyàn ní ahun lásìkò yìí. Òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, abala 21, kà á léèwọ̀ láti máa fọ́n náírà síni lórí níbi àríyá. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì, ló wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ olówó ló ń fi owó sínú àpòòwé tàbí tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Gbé àpótí kan síwájú ìtàgé, kọ nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ sí i lára, inú rẹ á tutù, ẹnu rẹ náà á sì tutù.

Ẹ̀yà kan wà tó burú jù: ẹni tó máa wá bá ọ lórí ìtàgé, tó máa fi owó ńlá síwájú, tó máa ní kí o bá òun bú lágbájá tó jókòó lọ́hùn-ún. Owó yẹn ni kí o má gbà, àyàfi bó bá gbà kí o kọ orin ọ̀tá láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Orin ọ̀tá kún inú fújì, kò sí òde tí kò bá mu, olúkúlùkù á sì fi ojú ara rẹ̀ wá ọ̀tá tirẹ̀. Má wo ibi tí lágbájá jókòó bí o ti ń kọ ọ́. Ojú nìkan ti tó dárúkọ.

Ìjà láàárín olórin àti olórin kò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Èyí tó wáyé láàárín Barrister àti Kollington ní àwọn ọdún 1980 pín àwọn olólùfẹ́ fújì sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì parí rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì ti ní orúkọ tó lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án kò tíì ní in.

Ó wá ku onígángan. Ohùn nìkan ni ìlù ń sọ, kì í sọ kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì, nítorí náà gbólóhùn mẹ́wàá lè jókòó sínú ìró kan ṣoṣo. Mú àpẹẹrẹ yìí: fi gángan sọ “olówó, olówó.” Lẹ́yìn náà, fi sọ “olóríburúkú.” Re-mí-mí, re-mí-mí ni méjèèjì. Onígángan rẹ lè máa kí alága ní olówó tọkàntọkàn, kí àwọn tó wà ní tábìlì ẹ̀yìn máa gbọ́ olóríburúkú, pàápàá bí wọ́n bá ti ṣàkíyèsí pé alága kò tíì náwó. Ó sì tún lè jẹ́ olóríburúkú gan-an ló ń lù, kó máa rẹ́rìn-ín sínú. Bí wọ́n bá mú un, á ní ìlù lòun lù, àwọn ni wọ́n gbọ́ èébú. Àwọn ọmọ Àyàn mọ àwíjàre yẹn dáadáa.

Bí a ṣe ń dènà rẹ̀ nìyí. Kí ẹnu kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà, kí ìlù tẹ̀lé e. Agbo á gbọ́ ohun tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Kí onígángan má lo gbólóhùn kúkúrú lórí èèyàn. Ìdí tí àwọn àgbà onílù fi ń fa ọ̀rọ̀ gùn nìyẹn: bí gbólóhùn bá ti gùn, ìtumọ̀ tó lè wọ inú rẹ̀ máa ń dínkù, nítorí náà dípò “olówó, olówó” nìkan, kó so oríkì ilé onítọ̀hún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kan náà. Nígbà tí alága ètò bá sì ń pe orúkọ àwọn àlejò, kí gángan dákẹ́. Àárín orúkọ sí orúkọ ni ọ̀pọ̀ onílù ti ń sọ òkò.

Ẹ̀rọ náà ń tú àṣírí. Ọ̀pọ̀ ìsọkúsọ tí agbo gbọ́, olórin kò mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ. Onílù á sáré jù, olórí á yíjú sẹ́yìn, á ní “ẹ̀yin ẹran yìí, ẹ rọra lù ú!”, máìkì á gbé e jáde bí orin. Fi ọwọ́ bá àwọn ọmọ rẹ sọ̀rọ̀: ọwọ́ òsì tí a na sílẹ̀ fún ẹ rọra, ìkúùkù fún ẹ dákẹ́, ìka méjì fún ẹ yí ìlù padà. Ẹ fi í dánra wò nílé títí kò fi ní nílò kí ẹ rò ó.

Sọ fún ẹni tó ń mójútó ẹ̀rọ kí gángan, àwọn elégbè àti ìwọ ní ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí míksà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dára, kó fa ti ẹni tó ṣẹ̀ nìkan sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbọ̀ngàn á dákẹ́ lójijì, èèyàn 300 á sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn; ohun tí èèyàn 20 gbọ́ á di ti gbogbo ayé. Nǹkan mìíràn: bí wọ́n bá ń gbé òde náà sórí Facebook tààrà, ohùn tó ń lọ sí fóònù tàbí kámẹ́rà lè jẹ́ èyí tí wọ́n yọ ṣáájú ibi tí bọ́tìnì fífà wà. Ní irú ètò bẹ́ẹ̀, gbọ̀ngàn kò ní gbọ́ ọ mọ́, Facebook á ṣì máa gbọ́ ọ. Kí ẹ dán an wò kí àlejò tó dé: kí o sọ̀rọ̀ sí máìkì, kó fà á sílẹ̀, kí ẹlòmíràn fi ìgbọ́rọ̀ gbọ́ ohun tó ń lọ síta. Máìkì àlejò náà, èyí tí ọ̀mùtí máa ń já gbà lọ́wọ́ olórin, kó wà lọ́tọ̀, kí ohùn rẹ̀ má ga.

Gbogbo èyí kò ní wúlò bí ìpàdé àkọ́kọ́ kò bá dára. Kí o tó gba àsansílẹ̀, jókòó pẹ̀lú onínàáwó, kí o béèrè: irú òde wo ni, ta ni alága, àlùfáà tàbí pásítọ̀ máa wà níbẹ̀ títí di ìgbà wo, ṣé àwọn ọmọdé máa wà níbẹ̀, ṣé wọ́n máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Béèrè orúkọ tó yẹ kí o kì, kí o sì béèrè orúkọ tí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ. Ìbéèrè kejì yìí ni àwọn èèyàn kì í retí, òun ló sì máa ń gba olórin là. Wọ́n á sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì, pé ìyàwó kejì kò ní bá ti àkọ́kọ́ jó pọ̀. Kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé kan náà tí iye owó wà, kí ẹ méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí onínàáwó bá sì fẹ́ ìsọkúsọ, àwọn kan ń fẹ́ ẹ, jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́, kí ó sì sọ aago tó fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá já bọ́ ńkọ́? Má rẹ́rìn-ín. Má tún un sọ láti fi ṣàlàyé. Má ní eré ni. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, yí ìlù padà, kí o sì wọ oríkì ilé onínàáwó. Bó bá jẹ́ àlùfàǹṣá lásán, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o dárúkọ ẹnì kan, ibi tí o ti bú u ni kí o ti bẹ̀ ẹ́: gbólóhùn kan lórí máìkì, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwáwí gígùn máa ń tú ọgbẹ́ ni. Nígbà ìsinmi, wá alága tàbí àgbà ẹbí kan, kí ẹ jọ lọ bá onítọ̀hún, kí o dọ̀bálẹ̀. Má dá lọ. Ìjà lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí o sì bẹ ẹni tó ya fídíò pé kó gé ibẹ̀ kúrò kó tó gbé e síta. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni TikTok máa gbé, kò ní gbé ìdọ̀bálẹ̀ rẹ.

Fún bàbá tó ní kí wọ́n pa máìkì rẹ, mi ò mọ̀ bóyá o ti lọ bá onínàáwó. Bí o kò bá tíì lọ, lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí onínàáwó sì mú ọ lọ sọ́dọ̀ bàbá náà. Má gbé ọ̀rọ̀ owó àṣẹ́kù síwájú kí o tó bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó pariwo fún ọ lọ́jọ́ náà kò ní iṣẹ́ tí wọ́n máa pè ọ́ sí fún ọdún mẹ́wàá sí i. Àwọn ẹgbẹ́ bàbá yẹn àti àwọn ọmọ wọn ló ń sin òkú, tó ń ṣe ọjọ́ìbí 70, tó ń gbéyàwó fọ́mọ.

Ní ti òfin, mi ò fẹ́ fi dẹ́rù bà ọ́. Àlùfàǹṣá lójú agbo kì í sábà gbé olórin dé kóòtù. Èébú tó bá sọ ẹnì kan di olè tàbí oníjìbìtì, tí kò sì jẹ́ òótọ́, ìyẹn ni ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, onítọ̀hún sì lè béèrè owó gbà-má-bínú. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 wà, tí wọ́n tún ṣe ní 2024. Abala 24 rẹ̀ kan irọ́ tí ènìyàn mọ̀ ní irọ́ tó sì gbé síta láti fi dá rògbòdìyàn sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó gbé fídíò rẹ síta náà lè ní ọ̀ràn tirẹ̀ lọ́rùn bó bá mọ̀ pé irọ́ ni. Bó bá jẹ́ rédíò ló ń gbé òde rẹ tààrà, NBC, àjọ ìjọba tó ń mójútó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ni ilé iṣẹ́ náà ń bẹ̀rù, àwọn fúnra wọn á sì gé ọ kúrò lórí afẹ́fẹ́ kí o tó parí ìlà.

Bí Ọlọ́run bá sì mú ẹgbẹ́ rẹ dé London tàbí Houston, ọ̀rọ̀ náà tún yí padà. Lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè má gbọ́ odó àti ọmọ odó rẹ, ṣùgbọ́n èébú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọ̀dọ́ olórin ń sọ nílé bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, àwọn òbí wọn sì ti ń lù wọ́n nítorí rẹ̀. Lẹ́nu wa, Gẹ̀ẹ́sì máa ń mú kí ọ̀rọ̀ burúkú fúyẹ́ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Lọ́dọ̀ wọn, ó wúwo. Fi Yorùbá ṣe àlùfàǹṣá rẹ níbẹ̀, kí o sì yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò pátápátá.